Funfun, dúdú, Ítálì ti Gúúsù: orí ìwé kan ṣoṣo

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo ń ṣe ní Brooklyn, New York, níbí. Màmá kan wà ní Bensonhurst tí mo máa ń lọ bá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ojú wọn ṣì mú, ẹnu wọn mú ju ojú lọ. Ọ́fíìsì wa kó fọ́ọ̀mù tuntun fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí a bá àwọn tí à ń tọ́jú kọ ọ́. Èmi ń kà, Màmá ń dáhùn: ọjọ́ ìbí, oògùn tí wọ́n ń lò, ẹni tí a ó pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. A dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè àwọ̀. Èmi ò tilẹ̀ béèrè, báírò mi ti ń lọ síbi tí wọ́n kọ "White" sí. Òyìnbó ni òyìnbó ń jẹ́, àbí?

Màmá ní, "Dúró. Italian ni kí o kọ."

Mo ní, "Màmá, kò sí i níbí o."

"Wá àyè fún un."

Mo rò pé àwàdà ni, mo bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò bá mi rín in. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé agolo bisikíìtì kan sọ̀ kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù. (Gbogbo ìyá ayé ló ní agolo bisikíìtì tí kò sí bisikíìtì nínú rẹ̀.) Ìwé tí bàbá wọn fi tọrọ àti di ọmọ Amẹ́ríkà ló wà níbẹ̀, ti ọdún 1931, táìpù ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, etí rẹ̀ ti ń já. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nípa ọkùnrin náà nìyí: Àwọ̀, funfun. Ìrísí ara, dúdú. Ẹ̀yà, Ítálì ti Gúúsù.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnì kan náà ni o.

Kì í ṣe àṣìṣe akọ̀wé. Láti ọdún 1899 ni àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà ti ń ka ará Àríwá Ítálì àti ará Gúúsù Ítálì sí ẹ̀yà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìgbìmọ̀ Sẹ́nétọ̀ Dillingham sì tún tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1911. Ará Gúúsù ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá: Sicily, Calabria, agbègbè Naples. Kí ló wá dé tí wọ́n tún kọ "funfun"? Òfin ni. Òfin ọdún 1790 ní àlejò tí àwọ̀ rẹ̀ bá funfun nìkan ló lè di ọmọ onílẹ̀. Lọ́dún 1870 ni wọ́n fi àwọn tó wá láti Áfíríkà kún un. Takao Ozawa, ọmọ Japan, gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́dún 1922, wọ́n ní kò funfun tó. Bhagat Singh Thind láti Íńdíà náà lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kọ̀ fún òun náà. Bàbá Màmá kò dé iwájú adájọ́ kankan. Ìlà kan ti ṣílẹ̀kùn fún un, ìlà tó tẹ̀ lé e wá ń bú u.

Torí náà, bí mo bá gbọ́ tí àwọn ìdílé bíi ti Màmá ń sọ pé "àwa kì í ṣe òyìnbó, Ítálì ni wá", mi ò ní sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ojú wọn rí nǹkan. Ní New Orleans, lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 1891, àwọn èrò fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì pa ọkùnrin Ítálì mọ́kànlá lórí ẹ̀sùn ikú ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà, ọjọ́ kejì tí ilé ẹjọ́ ti dá àwọn kan nínú wọn láre. Ní Alabama lọ́dún 1922, wọ́n tú ọkùnrin dúdú kan, Jim Rollins, sílẹ̀ nínú ẹ̀sùn pé ó bá obìnrin funfun lò pọ̀. Kí nìdí? Ará Sicily ni obìnrin náà, ilé ẹjọ́ sì ní kò sí ẹ̀rí pé ó funfun! Lọ́dún 1924, òfin tuntun gé iye ará Ítálì tó lè wọlé lọ́dún láti 42,057 sí 3,845.

Èyí tó tiẹ̀ pa mí lẹ́nu mọ́ ni èébú tí wọ́n máa ń bú wọn: "guinea". Guinea wo? Etíkun Guinea ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tiwa nílé. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti etíkun wa ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó yí i lé ará Ítálì lórí. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Orúkọ yín ni wọ́n fi ń lù wá?"

Ṣùgbọ́n ibi tí èmi ti yà kúrò lọ́nà wọn nìyí. Ilé tí Màmá ń gbé, ọkọ wọn ló rà á pẹ̀lú ẹ̀yáwó tí ìjọba ṣe onídùúró rẹ̀ fún àwọn sójà tó ti ojú ogun dé, lábẹ́ òfin ọdún 1944. Àwọn sójà dúdú ja ogun kan náà, wọ́n dé, ọ̀pọ̀ báńkì kọ̀ láti yá wọn lówó. Nígbà yẹn, "Ítálì ti Gúúsù" kọ́ ni báńkì ń wò, ìlà àkọ́kọ́ lórí ìwé yẹn ni wọ́n ń wò. Lọ́dún 1989, ní Bensonhurst yìí kan náà, Yusef Hawkins, ọmọkùnrin dúdú ọmọ ọdún 16, wá wo mọ́tò tòkúnbọ̀ tí wọ́n fẹ́ tà. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò rò ó mọ́ ẹlòmíì, wọ́n yìnbọn pa á. Nígbà tí àwọn èèyàn dúdú wọ́de wá, àwọn kan lára ará àdúgbò gbé bàrà olómi, èso tí wọ́n máa ń fi pẹ̀gàn èèyàn dúdú níbí, sókè láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n ń pè ní "guinea" ni o. Ẹni tó bá ní òun kì í ṣe òyìnbó, kó sọ fún mi irú ẹni tó dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò tíì bi Màmá ní èyí. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí kò gbọ́ èdè Ítálì kò lè pe ara rẹ̀ ní Ítálì mọ́. Ìyẹn náà kò wọ̀ mí létí. Màmá ní ẹ̀wà gbígbẹ kan nínú pọ́ọ̀sì wọn, ẹ̀wà ńlá pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní fava. Gbogbo ọjọ́ 19 oṣù Kẹta, ọdún Jósẹ́fù Mímọ́, ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n ní pọ́ọ̀sì tí ẹ̀wà yẹn bá wà nínú rẹ̀ kì í gbẹ. Ta ló kọ́ wọn? Ìyá wọn. Ta ló kọ́ ìyá wọn? Sicily. Kò sí fọ́ọ̀mù tó lè bi wọ́n ní ìyẹn.

Orúkọ Ítálì fúnra rẹ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ wọn ò mú un ti ilé wá. Ọdún 1861 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so ilẹ̀ náà pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan. Bàbá Màmá, orúkọ abúlé rẹ̀ ló máa dá ọ lóhùn bí o bá bi í pé níbo ló ti wá. Àjò ló sọ wọ́n di Ítálì. Ó yé mi, torí bí Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà àti Kétu ṣe dé Bahia ní Brazil tí gbogbo wọn di Nàgó nìyẹn, tí wọ́n dé Cuba tí wọ́n di Lùkùmí. Àmọ́ ṣá, àwọn ti Sicily sanwó ọkọ̀ ni.

Ìjọba pàápàá ti rí i pé ìlà kan ò tó. Nínú ìkànìyàn ọdún 2020, wọ́n fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ "White" kí èèyàn kọ orírun rẹ̀ sí, Ítálì wà lára àpẹẹrẹ. Wọ́n fi sílẹ̀ lábẹ́ "Black" náà, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ohun tí mo ṣe sí fọ́ọ̀mù Màmá nìyẹn: mo fi àmì sí "White", mo wá fi báírò kọ "Italian" gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Màmá ní kí n mú awò ojú àwọn wá, wọ́n wò ó dáadáa.

"O ò kọ Sicily."

Mo kọ Sicily.

Lánàá òde yìí ni ọ́fíìsì dá a padà. Wọ́n ní àpótí kan péré ni kí a mú, a ò gbọdọ̀ kọ nǹkankan sí etí ìwé. Ó wà nínú báàgì mi báyìí. Ọ̀la, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ni mò ń lọ bá Màmá.