Kò sẹ́ni tó ń fi kéréènì gbé jagunjagun gorí ẹṣin

Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn àròsọ nípa ogun Yúróòpù ayé àtijọ́ ló ní ibi tí jagunjagun ẹlẹ́ṣin ti ṣubú, tí irin ara rẹ̀ ò wá jẹ́ kó lè dìde mọ́, bí ìjàpá tí wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀. Àwọn mìíràn gbà pé kéréènì ni wọ́n fi ń gbé e gorí ẹṣin. Fíìmù Henry V, nípa ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, tí Laurence Olivier ṣe ní 1944 fi í hàn bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn sì gbà á. Irọ́ ni.

Ìhámọ́ra ogun láti orí dé ẹsẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń wọ̀ láàárín 1400 sí 1500, sábà máa ń wọ̀n tó 20 sí 25 kìlò. Ìdajì àpò ìrẹsì ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n wọn kì í rù ú. Ẹ wo ìyá tó fi ọ̀já gba ọmọ mọ́ ẹ̀yìn dáadáa: ó ń gbálẹ̀, ó ń ṣe oúnjẹ. Ẹ gbé ọmọ náà lé e lápá fún ìṣẹ́jú 20, apá á ti máa ro ó. Okùn tí wọ́n fi ìda pa ni wọ́n fi ń so ọ̀pọ̀ irin náà mọ́ ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó nípọn, tó sì fún mọ́ra. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹsẹ̀, ojúgun, itan, kó tó kan ìgbàyà àti apá, àṣíborí ló ń kẹ́yìn. Ní orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́, irin pẹlẹbẹ kéékèèké gorí ara wọn bí ìpẹ́ ẹja, kí oríkèé lè ká. Okùn tó bá fún jù ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣẹ́ po. Èyí tó bá dẹ̀, irin á máa já wálẹ̀. Òǹkọ̀wé tó bá mọ̀ ọ́n kọ, ọwọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń so okùn yẹn ló yẹ kó jẹ́ ká rí.

Boucicaut, ọ̀gágun ará Faransé, máa ń ta òkìtì pẹ̀lú gbogbo irin lára, àfi àṣíborí nìkan. Ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ nígbà tó ṣì wà láyé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti fi kọ́ra ni. Dáfídì náà, nígbà tó bọ́ ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù sílẹ̀, ohun tó sọ ni pé òun ò tíì dán an wò.

Èyí tó lé ní 40 kìlò tí ẹ bá rí nínú mùsíọ́ọ̀mù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti eré ìdíje ọ̀kọ̀ lórí ẹṣin, kì í ṣe ti ogun.

Ìnira wà o, ṣùgbọ́n ibòmíì ló wà. Ní 2011, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Leeds mú àwọn tó mọ ìhámọ́ra wọ̀ rìn lórí ẹ̀rọ: agbára tí ara wọn ń ná lé ní ìlọ́po méjì. Irin ẹsẹ̀ ló fà á jù, torí gbogbo ìgbésẹ̀ ló ń gbé e. Ìgbàyà ò sì jẹ́ kí wọ́n mí kanlẹ̀. Ẹ wá fi ẹrẹ̀ kún un. Ní Agincourt, níbi tí Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jà ní oṣù kẹwàá 1415, ilẹ̀ oko tí òjò ti rọ̀ sí ni àwọn ará Faransé fẹsẹ̀ rìn kọjá. Ọ̀pọ̀ tó ṣubú ò rí àyè dìde, torí èèyàn ń wó lé wọn lórí. Wọ́n mú Boucicaut fúnra rẹ̀ níbẹ̀.

Ooru àti èémí ló ń mú kí wọ́n ṣí ìbòjú àṣíborí láàárín ìjà, ojú á sì wà ní gbangba. Henry V, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó borí ní Agincourt, ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ọfà wọlé sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú ní ogun Shrewsbury, ní 1403.