Ẹ má fi 777 ṣí gbogbo ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní tí Ubuntu tuntun, ètò Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà, ò bá jẹ́ ká ṣí fáìlì wa, ká tẹ `sudo chmod -R 777 /`, ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. 777 ni ẹ̀tọ́ gbogbo fún gbogbo èèyàn, `/` sì ni gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ. Àṣẹ yẹn á jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wà lórí ẹ̀rọ náà lè ka gbogbo fáìlì, kó yí i padà, kó tún pa á rẹ́. Sudo fúnra rẹ̀, tó ń fún wa ní agbára alábòójútó ẹ̀rọ, ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ssh, tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà míì láti ọ̀nà jíjìn, náà á kọ̀ láti lo fáìlì kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo ayé lè kà. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ní Ìkòròdú níbí tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà oníbàárà. Àtìbẹ̀rẹ̀ la tún ti bẹ̀rẹ̀, ó dùn mí gan-an.

Nọ́ńbà ni Linux fi ń mọ ẹni tó ni fáìlì, kì í ṣe orúkọ. 1000 ni Ubuntu máa ń fún ẹni àkọ́kọ́. Tí nọ́ńbà yín bá yí padà nígbà tí ẹ tún Ubuntu gbé sórí ẹ̀rọ, fáìlì yín ti di ti ẹlòmíì nìyẹn. Ẹ tẹ `id -u` kí ẹ rí nọ́ńbà yín, kí ẹ tẹ `ls -ln` kí ẹ rí nọ́ńbà ẹni tó ni fáìlì, ẹ fi wọ́n wéra. Tí wọn ò bá bára mu, `sudo chown -R orúkọ-yín: /home/orúkọ-yín` ti tó láti sọ fáìlì yín di tiyín padà. Ibẹ̀ nìkan o, ẹ má fọwọ́ kan /etc, níbi tí ètò ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wà.