Aṣọ Òjò Nínú Gbọ̀ngàn Vasa

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé aṣọ òjò tó ń kán tótó wọ mùsíọ́mù Vasa, ọkọ̀ ogun onígi àtijọ́ tó wà ní Stockholm, olú ìlú Sweden, kí ló dé gan-an? Ọkọ̀ yẹn rì lọ́dún 1628, wọ́n gbé e jáde ní 1961, ọdún 17 ni wọ́n sì fi wọ́n polyethylene glycol, kẹ́míkà tó ń rọ́pò omi nínú igi, sí i kí igi má bàa là bó ṣe ń gbẹ. Imí-ọjọ́ àti ìpẹtà irin ṣì kún inú igi náà. Bí ọ̀rinrin aṣọ yín bá wọ̀ ọ́, imí-ọjọ́ yẹn á di ásíìdì! Ìyẹn ló fa iyọ̀ tó yọ lára ẹ̀ ní 2000, lásìkò òjò. Wọ́n tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe lẹ́yìn náà, àmọ́ ẹ̀rọ ò lè bá yín gbọn aṣọ. Ẹ gbọn aṣọ òjò àti agbòòrùn níta, ẹ fi sílẹ̀ níbi ìkẹ́rùsí.