O Ti Ka Bíbélì Tán, O Ò Tíì Ka Tiọ́lọ́jì

Wọ́n tún ti gbé e dé. Lórí WhatsApp ìjọ wa lánàá, ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò rí ìdí tí ọmọ òun á fi lọ lo ọdún mẹ́rin ní sẹ́mínárì, kó máa kọ́ ohun tí òun alára ti kà tán nílé. "Kí ni tiọ́lọ́jì bí kò ṣe Bíbélì?" Àmín rọ̀jò lé e lórí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu alàgbà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀ tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti sú mi. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ń wá ohun tí ìwé náà sọ: ta ló kọ ọ́, àwọn wo ló kọ ọ́ sí, báwo ló ṣe rí ní Hébérù tàbí Gíríkì, kí ló dé tí ìròyìn Máàkù ò fi bá ti Jòhánù mu níbí. Onítiọ́lọ́jì tún ní ìbéèrè mìíràn lẹ́yìn ìyẹn: nígbà tí Bíbélì ti sọ èyí tó sì tún sọ tọ̀hún, kí ni ìjọ yóò gbà gbọ́, kí ni yóò sì ṣe? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1787, ní Yunifásítì Altdorf ní Jámánì, ọ̀jọ̀gbọ́n tiọ́lọ́jì kan, Johann Philipp Gabler, dìde ó sọ ọ́ gbangba pé ohun tí àwọn tó kọ Bíbélì rò nígbà ayé wọn, ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀kọ́ tí ìjọ là kalẹ̀ fún ìgbà tirẹ̀, ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká fi Jámánì sílẹ̀, ká sọ ti olóbìnrin púpọ̀.

Ní 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà láti oríṣiríṣi ilẹ̀ pàdé ní Lambeth ní London, wọ́n ní kí wọ́n má ṣe ìrìbọmi fún olóbìnrin púpọ̀. Kó máa kẹ́kọ̀ọ́ lọ títí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ á fi yanjú. Àwọn ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ti ìyẹn ṣeé ṣe nígbà míì. Ní 1891, àwọn kan ya lọ ní Èkó, wọ́n dá United Native African Church sílẹ̀, wọ́n sì gba olóbìnrin púpọ̀ wọlé. Nígbà tó di 1988, Lambeth kan náà yí ohùn padà: wọ́n ní kí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, òun àti àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ tó bá gbàgbọ́, tó bá ti ṣèlérí pé òun ò ní fẹ́ òmíràn mọ́ níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣì wà láàyè, tí ìjọ àdúgbò bá sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí wọ́n má fipá mú un lé ìyàwó kankan.

Ta ni kò ka Bíbélì nínú gbogbo wọn? Ìtàn Jékọ́bù àti Líà àti Rákẹ́lì wà níwájú wọn. Tímótì Kìíní 3:2, pé kí bíṣọ́ọ̀bù jẹ́ ọkọ aya kan, wà níwájú wọn pẹ̀lú. Láàárín 1888 sí 1988, ẹsẹ kan ò wọlé, ẹsẹ kan ò jáde. Ibi tí wọ́n ti ń jà ni ìbéèrè tí kò sí lójú ìwé náà: ṣé ẹ̀bùn ni ìrìbọmi, àbí èrè ẹni tó ti tún ilé rẹ̀ ṣe? Tí ọkùnrin kan bá lé ìyàwó rẹ̀ síta nítorí Kristi, èwo ló burú jù, fífẹ́ tó fẹ́ wọn ni àbí lílé tó lé wọn?

Bàbá tó bí bàbá mi fẹ́ ìyàwó mẹ́ta. Ibikíbi tí o bá ti bẹ̀rẹ̀ Sáàmù, wọ́n á bá ọ parí ẹ̀ láìwo ìwé. Síbẹ̀, tó bá di pé kí àwọn èèyàn jáde wá jẹ Oúnjẹ Olúwa, orí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ni bàbá máa ń wà, fìlà wọn á wà lórí orúnkún, ìyálé wọn á sì kọjá lára wọn lọ síwájú pẹpẹ. Bíbélì tí wọn ò mọ̀ kọ́ ló dá wọn jókòó síbẹ̀. Ìpinnu tiọ́lọ́jì ni, èyí tí àwọn kan ti ṣe ní London nígbà tí wọn ò tíì bí bàbá.

Ẹ sì lè wo Arius náà, àlùfáà tó ń kọ́ni pé Jésù kò bá Ọlọ́run Baba dọ́gba, tí wọ́n torí ẹ̀ pe ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea ní 325. Bíbélì lòun náà ń kà fún wọn: "Baba tóbi jù mí lọ."

Ó wà lódì kejì náà o. Mo ní àwọn ẹlẹgbẹ́ ní sẹ́mínárì tí wọ́n lè ṣàlàyé Karl Barth, gbajúmọ̀ onítiọ́lọ́jì ọmọ Switzerland, títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣùgbọ́n tóo bá ní kí wọ́n ṣí Hábákúkù tó wà nínú Májẹ̀mú Láéláé, inú Májẹ̀mú Tuntun ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Tó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni méjèèjì, báwo nìyẹn ṣe ṣeé ṣe?

Wọ́n á ní "ìwé a máa pani", bó ṣe wà nínú Kọ́ríńtì Kejì 3:6. Òfin tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ni Pọ́ọ̀lù ń sọ, kì í ṣe sátífíkéètì. Ẹ ka ẹsẹ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n á ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń kọ́ni. Ó dáa, ta ló jiyàn?

Mo gbà pé ààlà àárín méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ gún. Kò sẹ́ni tó ń ṣí Bíbélì tí kò ti ní ohun kan lọ́kàn tẹ́lẹ̀.

Tọkọtaya kan lọ́dọ̀ wa lọ bá àwọn dókítà fún ọ̀rọ̀ ọmọ. Wọ́n bí ìbejì, ṣùgbọ́n ọlẹ̀ tí àwọn dókítà fi ẹyin àti àtọ̀ wọn ṣe níta ara, tí wọn ò tíì gbé sínú ilé ọmọ, ṣì kù tí wọ́n fi òtútù pa mọ́ ní ilé ìwòsàn, owó ìtọ́jú rẹ̀ sì ń gorí ara wọn. Ṣé kí wọ́n máa san án lọ ni, ṣé kí wọ́n fi tọrẹ fún ẹni tí kò rí bí, àbí kí wọ́n ní kí wọ́n dà á nù? Wọ́n ti wá a nínú kọ́ńkọ́dáǹsì, ìwé tó ń tọ́ka ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú Bíbélì, wọn ò rí i. Alàgbà tí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá ní kí wọ́n padà lọ ka Bíbélì wọn láti Jẹ́nẹ́sísì.