Ẹ má ju ìfun ọ̀yà tútù sájá lẹ́nu mọ́

Tí ọdẹ bá pa ọ̀yà, ibi tó ti pa á náà ló ti sábà máa ń la ikùn rẹ̀. Ọ̀bẹ á gba àárín ikùn lọ, ìfun á tú jáde, ooru á ṣì máa rú lára rẹ̀. Kí ọdẹ tó yọ òróǹro kúrò lára ẹ̀dọ̀ tán, ajá ti gbé fùkù mì. Kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Òun ló fi imú wá ẹran náà rí, òun ló lé e jáde nínú ewé. Ìpín rẹ̀ tọ́ sí i.

Mi ò bá ìpín yẹn jà rárá. Ohun tí mò ń bá jà ni pé tútù ló ń gbà á, tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, láìjẹ́ pé ojú ènìyàn kan yẹ inú ẹran náà wò kó tó dé ọ̀fun rẹ̀.

Àwọn tó ń sin ajá nígboro náà ti gba ọ̀nà tiwọn débẹ̀. Ẹni tó ní Boerboel tàbí German Shepherd ní Èkó tàbí Ìbàdàn ti kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ẹran tútù ló bá ìṣẹ̀dá ajá mu, pé irun rẹ̀ á máa dán, pé eyín rẹ̀ á funfun, pé ìgbẹ́ rẹ̀ á dínkù. Ló bá kọrí sọ́dọ̀ alápatà, ó ra fùkù àti àbọ̀dì, ó sì dà á sínú àwo ajá bó ṣe rà á. Ọdẹ ní àṣà ni, ará ìgboro ní ìmọ̀ tuntun ni, ewu kan náà ni ajá àwọn méjèèjì ń jẹ.

Èrò tèmi ni pé ká fún ajá lẹ́ran, ká fún un dáadáa, ṣùgbọ́n ká sè é. Ajá tó jẹ́ pé ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ nìkan ló ń jẹ látọdún dé ọdún, tí egungun ìhà rẹ̀ ṣe é kà lókèèrè, ìyà ló ń jẹ. Mi ò fara mọ́ ìyẹn náà.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sábà máa fi ń dáni lóhùn ni pé ìkookò ni baba ńlá ajá, ìkookò kì í sì dáná. Òótọ́ ni, àmọ́ ó ti pẹ́ tí ajá ti kúrò nínú igbó. Ní 2013, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Sweden gbé ìwádìí jáde tó fi hàn pé apilẹ̀ àbùdá tó ń mú kí ara lè da sítáàṣì pọ̀ lára ajá ju ti ìkookò lọ fíìfíì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tí ajá fi ń jẹ àjẹkù lẹ́bàá ààrò ènìyàn ti yí inú rẹ̀ padà. Àmàlà, tùwó, ìrẹsì tó jinná, gbogbo rẹ̀ ló ń dà nínú ajá. Ìkookò inú igbó tí wọ́n fi ń ṣàpẹẹrẹ náà, aràn máa ń kún inú rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ kì í sì í gùn. Àwa ń fẹ́ kí ajá wa lo ọdún 12, ọdún 14.

Ẹ jẹ́ ká wo fùkù dáadáa, torí òun ni alájá ń rà jù, òun náà ni ọdẹ ń jù sílẹ̀ jù. Fùkù tó dára máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń fúyẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á rì wọlé, á sì padà wú bíi tìmùtìmù. Tẹ́ ẹ bá jù ú sómi, á léfòó. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ gbogbo ara rẹ̀ wò. Tí ọwọ́ yín bá kan kókó líle, ẹ fi ọ̀bẹ là á. Tí ohun tó tú jáde bá pọ́n rúsúrúsú bíi wàrà tó dì, tàbí tí ọ̀bẹ ń ró bí ìgbà tó ń ha yanrìn, ẹ fura sí ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù. Kòkòrò tó ń fà á ń ran ajá, ó sì ń ran ènìyàn. Gbogbo fùkù bẹ́ẹ̀, ká jù ú nù ni, kì í ṣe ká sè é.

Àpò olómi tún wà tó burú jù ú lọ. Ó máa ń funfun, ó lè kéré bíi hóró ẹ̀wà, ó sì lè tóbi bí ọsàn. Ara fùkù tàbí ẹ̀dọ̀ àgùntàn, ewúrẹ́, màlúù tàbí ràkúnmí ló máa ń wà. Ọmọ aràn pẹlẹbẹ kan tó ń jẹ́ Echinococcus ló wà nínú omi yẹn. Tí ajá bá jẹ ẹ́ ní tútù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún aràn lè dàgbà nínú ìfun rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í sì í gùn ju nǹkan bíi mílímítà 7 lọ. Ajá fúnra rẹ̀ kì í sábà ṣàìsàn kankan. Ohun tó mú mi bẹ̀rù rẹ̀ nìyẹn. Tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹyin aràn á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìgbẹ́ jáde, á lẹ̀ mọ́ irun ìdí ajá. Ọmọdé á bá ajá ṣeré, á fi ọwọ́ pa á lára, á fi ọwọ́ yẹn mú búrẹ́dì. Ó lè pé ọ̀pọ̀ ọdún kí irú àpò olómi kan náà tó wú nínú ẹ̀dọ̀ ọmọ yẹn, tí wọ́n á máa wá ohun tó ń ṣe é kiri.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀dọ̀ wa nìkan ni. Ní Buckinghamshire ní Britain, láàárín 2016 sí 2017, ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù wọ àárín agbo ajá ọdẹ kan, wọ́n sì ní láti pa ajá tó tó bí ọgọ́rùn-ún. Ẹran màlúù tó kú lóko wà lára ohun tí wọ́n ń fún wọn jẹ, ibẹ̀ ni ìfura sì tọ́ka sí. Ní 2017 náà ni ìjọba wọn fòfin de fífún agbo ajá ọdẹ ní ẹ̀yà inú irú ẹran bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn ológbò tí kì í jáde nílé bẹ̀rẹ̀ sí í kó ikọ́ yìí kan náà, wọ́n tọpa rẹ̀, ó sì gbé wọn dé ìdí oúnjẹ ológbò tí wọ́n fi ẹran ìgalà tútù ṣe. Ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n tà lọ́jà tó lófin ni o.

Àwọn tó mọ ẹran tútù fún ajá ṣe dáadáa lókè òkun kì í sì í sáré gbé e látọwọ́ alápatà dé àwo. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé e sínú fírísà tó tutù dé -20°C fún ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òtútù yẹn ń pa ọ̀pọ̀ aràn inú ẹran. Kì í pa Salmonella, kòkòrò tó ń da inú rú, ṣe ló kàn ń dá a dúró títí yìnyín á fi yọ́. Ní tiwa ńkọ́? Iná á lọ láàárọ̀, á dé lóru, ẹran á yọ́, á tún dì, á tún yọ́. Fírísà bẹ́ẹ̀ kò pa aràn, kò sì tọ́jú ẹran. Ẹni tí kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé iná òun á wà fún ọjọ́ méje gbáko, kó gbé ìkòkò kaná.

Àwọn ọdẹ kan á ní ẹ̀jẹ̀ tútù ló ń mú ajá gbóná. Imú ajá, ìran tó ti wá àti ẹ̀kọ́ tí ọdẹ kọ́ ọ ló ń mú un lé ẹran. Ohun tí ẹran gbígbóná ń kọ́ ajá ni pé kó má dúró de ọdẹ mọ́, kó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran níbi tó bá ti ká a mọ́.

Ó yẹ kí n sọ èyí náà: iná kì í tún gbogbo nǹkan ṣe. Tí ìbọn bá ba itan ìgalà, tí ibẹ̀ di rúdurùdu, tí ẹ̀jẹ̀ dì sí i, tí ènìyàn kò fẹ́ ẹ nínú ọbẹ̀, òun la máa ń gé fún ajá. Ibẹ̀ gan-an ni òjé wà. Ọta ìbọn máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí, kò sì sí bí ẹ ṣe lè sè é tí òjé á kúrò nínú ẹran. Ẹ gé tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan yí ojú ọgbẹ́ náà ká, kí ẹ jù ú nù. Òjé kan náà, láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wá góòlù, ló pa ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara ní 2010. Inú ajá kò le jù ú lọ.

Májèlé náà bẹ́ẹ̀. Ẹja tí wọ́n fi Gàmàlín pa, eku tó jẹ ọtápiápiá, ẹran tó kú sí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín, kò sí iye wákàtí tí ìkòkò lè fi tún un ṣe. Ajá tó bá jẹ ọtápiápiá, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, àárín ẹyinjú rẹ̀ á sún kì bí ojú abẹ́rẹ́. Epo pupa tí a máa ń rọ sí i lẹ́nu kò ràn án lọ́wọ́, ó tún lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Abẹ́rẹ́ atropine ló ń fẹ́, lọ́wọ́ dókítà ẹranko, lójú ẹsẹ̀.

Ẹran tó kú mọ́jú sẹ́nu tàkúté, tí ikùn rẹ̀ ti wú, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹran tí ẹ kò mọ ohun tó pa á, pàápàá tí ẹ̀jẹ̀ tí kò dì ń jáde nímú tàbí nídìí rẹ̀, ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án. Anthrax lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àrùn tó fojú hàn ní oko ẹran kan ní Suleja ní 2023. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera ẹran ni kí ẹ pè.

Ó wá ku bí a ṣe ń sè é. Ká mú ajá ọdẹ ìbílẹ̀ tó wọn kílò 15. Ẹran bíi 300 gíráàmù àti ìrẹsì tàbí tùwó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ á tó o lójúmọ́, ní ẹ̀ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ tó bá lọ sígbó, ẹ fi ìdajì kún un, lẹ́yìn tó bá ti sinmi dáadáa. Ọwọ́ yín ni òṣùwọ̀n tó péye jù: tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa ìhà rẹ̀, kí ọwọ́ mọ egungun, ṣùgbọ́n kí ojú má lè kà á. Ẹran ìgbẹ́ kì í lọ́ràá, ọ̀rá sì ni ajá tó ń sáré fi ń rí agbára, torí náà ẹ fi ọ̀rá màlúù bíi ṣíbí ìjẹun kan sí i. Ẹ má dà á púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, inú rẹ̀ á tú.

Ẹ la ìfun láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ fọ ohun inú rẹ̀ dànù pátápátá. Ẹ gé ẹran sí ìwọ̀n ẹyin adìyẹ, kí omi bò ó. Láti ìgbà tó bá ti hó, ẹ kà á tó ìṣẹ́jú 45. Ẹ gún èyí tó nípọn jù wò, tí omi tó jáde bá ṣì pọ́n, kò tíì jinná. Kò sí àlùbọ́sà nínú rẹ̀ o. Àlùbọ́sà, ìbáà ṣe tútù, ìbáà ṣe jíjinná, ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Fún ajá kílò 15, bíi 75 gíráàmù ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Ìdí nìyí tí omi ọbẹ̀ wa kì í fi í ṣe oúnjẹ ajá.

Egungun ńkọ́? Egungun tí a bá ti sè máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì ń gún ìfun, torí náà ẹ yọ ọ́ kúrò. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe nìyí: tẹ́ ẹ bá ti yọ egungun, kálísíọ̀mù ti lọ. Ẹran nìkan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kálísíọ̀mù nínú. Ọmọ ajá tó ń jẹ ẹran láìsí egungun, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun, á máa ké tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, alájá á sì ní ìran rẹ̀ ni. Èèpo ẹyin ni àtúnṣe rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sè é, ẹ sá a, kí ẹ lọ̀ ọ́ kó kúnná bí èlùbọ́. Ìdajì ṣíbí tíì ló ń bá ẹran 450 gíráàmù lọ, torí náà ajá wa yìí kò ní gbà ju ìdá kan nínú mẹ́ta ṣíbí tíì lọ lójúmọ́. Fún ọmọ àwọn ajá ńlá bíi Boerboel, ẹ má fojú díwọ̀n rárá. Oúnjẹ tí wọ́n pò fún ọmọ ajá ńlá ni kí ẹ fún un títí á fi dàgbà.

Ẹ̀dọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju bíi 15 sí 20 gíráàmù lọ lójúmọ́. Fítámínì A inú rẹ̀ máa ń kó jọ sára tó bá pọ̀ jù, oríkèé ajá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ẹ̀dọ̀ ìgalà kan kì í ṣe oúnjẹ ọjọ́ kan.

Ajá ọdẹ á ṣì máa jí nǹkan jẹ nínú igbó, ẹ ò lè ṣọ́ ọ tán. Nítorí náà, ẹ fún un ní praziquantel, oògùn aràn pẹlẹbẹ, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà, mílígíráàmù 5 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ketrax tí a ń rà ní kẹ́míìsì kì í pa aràn pẹlẹbẹ. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi láti oṣù mẹ́ta, lọ́dọọdún, torí ẹran ìgbẹ́ máa ń gé ajá jẹ kó tó kú.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún pa ọ̀yà, ẹ so ajá mọ́lẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ̀bẹ. Ìpín rẹ̀, ẹ dì í sínú ewé lọ sílé. Èyí tí kò dára nínú ẹ̀yà inú náà, ẹ wa ilẹ̀ kó jìn tó apá dé ìgúnpá, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀, kí ẹ gbé òkúta ńlá lé e.