Bàtà tó rọ̀ kọ́ ló yẹ fún gbígbé irin

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp láàárín àwọn tó ń lọ sí jíìmù ní Yábàá àti Súrùlérè: wọ́n ní bàtà ìsáré tí àtẹ́lẹ̀sẹ̀ rẹ̀ bá nípọn tó sì rọ̀ ló ń dáàbò bo orúnkún ẹni tó ń gbé irin. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Fóòmù inú bàtà ìsáré wà fún bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbá ilẹ̀ léraléra. Ẹ gbé irin 100 kìlò lé èjìká, kí ẹ lóṣòó. Fóòmù yẹn á tẹ̀, kì í sì í fìgbà gbogbo tẹ̀ dọ́gba. Ọrùn ẹsẹ̀ á máa mì, orúnkún lè máa yà sínú. Ìdí nìyẹn tí bàtà àwọn tó ń gbé irin ìdíje fi ní gìgísẹ̀ líle tó ga díẹ̀, bíi mílímítà 20. Ẹ má wá fi ìyẹn sáré o, ẹ̀yin lẹ máa jìyà ẹ̀.

Ẹni tó ń gbé irin, tó tún ń sáré díẹ̀ lórí ẹ̀rọ, bàtà pẹlẹbẹ tí kò rọ̀ jù ti tó o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń múra fún eré ìje Máráthọ́ọ̀nù Èkó, kìlómítà 42.2, kó ra ti ìsáré lọ́tọ̀, kó sì máa fi kánfáàsì lásán gbé irin. Tí ẹ bá ń ṣa bàtà ní ọjà Katangowa l'Ékòó, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ gìgísẹ̀ rẹ̀: tó bá wọlé wọ̀ọ̀, kì í ṣe ti irin.