Ẹni Tó Lẹrú Ló Lẹrù

Àwọn àgbà ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Ẹrú lè ru ẹrù la ọjà kọjá lójú gbogbo ayé, síbẹ̀ ti olówó rẹ̀ ni. Ayé ìkà ló bí òwe yìí, nítorí èèyàn kì í ṣe ohun ìní ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ohun tó sọ nípa ẹrù ṣì ń jà ní kóòtù.

Bí ẹ̀gbọ́n bá san owó ilẹ̀, tí orúkọ àbúrò wà nínú ìwé, òfin tí Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì á kọ́kọ́ gbà pé àbúrò kàn ń bá a dì í mú ni. Bó bá jẹ́ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta owó ni ẹ̀gbọ́n san, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ ni tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Simon Dyer fi owó ara rẹ̀ ra ilẹ̀, ó wá fi orúkọ ara rẹ̀, ti Mary ìyàwó rẹ̀ àti ti William ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Mary ló kọ́kọ́ kú. Simon wá há ilẹ̀ náà fún ọmọkùnrin rẹ̀ kejì kí òun náà tó kú, ọ̀rọ̀ sì di ti kóòtù lọ́dún 1788. Adájọ́ Eyre sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó san owó ló nilẹ̀, síbẹ̀ William ló jàre. Ọmọ ni. Ohun tí bàbá bá fi orúkọ ọmọ rà, ẹ̀bùn ni kóòtù máa kà á sí, àfi tí ẹ̀rí bá sọ mìíràn.

Ohun tó ń dùn mí nípa àwọn èèyàn wa ní London àti Amẹ́ríkà nìyí: owó ńlá, àdéhùn ẹnu lásán. Ìwé báǹkì á fi hàn pé owó dé, kò ní sọ pé orí ilẹ̀ ló lọ. Àbúrò lè ní wọ́n ta òun lọ́rẹ ni, tàbí pé gbèsè ni wọ́n san. Owó òrùlé àti ọ̀dà tí ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta kò sì lágbára tó owó ọjọ́ tí wọ́n ra ilẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fowó ránṣẹ́ pé owó ilẹ̀ ni, kí ẹni tó gbà á náà fèsì, kó sọ orúkọ ẹni tí òun ń bá rà á. Ẹ jẹ́ kí orúkọ yín wà lórí rìsíìtì.

Ìwọ àbúrò tí wọ́n rán, má bínú bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ní kí o fọwọ́ sí ìwé. Bí o bá kú lónìí, orúkọ rẹ lára ìwé ilẹ̀ nìkan ni àwọn ọmọ rẹ máa bá. Wọn kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí owó dé.